Owó Ọmọ Onílẹ̀ Inú Ìdánwò

Nígbà tí àárẹ̀ bá ti wọ èèyàn lára tán, kì í wá òtítọ́ mọ́, ibi tó máa jókòó sí ló ń wá. Bí ọ̀rọ̀ Ìbíjọkẹ́ ṣe rí nìyẹn. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́, ní Wharf Road, níbi tí àwọn tírélà ti ń gbọn fèrèsé látàárọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa pe àwọn oníbàárà láti sọ fún wọn pé ẹrù wọn kò tíì jáde, kó sì fara mọ́ èébú wọn. Tó bá parí ìyẹn, á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Olodi-Apapa, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á sì máa wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa bọ́ sínú àlàfo tí ẹni tí kò mọ̀ rí fi sílẹ̀ fún un.

Ìdánwò tí àwọn yunifásítì òkè òkun máa ń ní kí èèyàn ṣe kó tó wá ka ìwé másítà ló ń múra fún. Apá ìṣirò kò ni ín lára. Apá èdè ni eegun ẹja tó há a lọ́fun. Ó ṣe é lọ́dún tó kọjá, ó gba 147. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Amẹ́ríkà tó ka ohun tó kọ nípa èéfín tírélà àti àwọn ọmọdé tó ń gbé ẹ̀bá èbúté, tó sì sọ pé òun á gbà á, pé yunifásítì á máa bọ́ ọ, bó bá ti lè mú 155 wá nínú apá èdè. Ọkùnrin náà fi àyè rẹ̀ pamọ́ fún ọdún kan gbáko. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tí àwọn òyìnbó fi ń sọ ọ̀rọ̀ líle, pé òun kò ní lè fi í pamọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí 155 bá bọ́ lọ́wọ́ Ìbíjọkẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, Wharf Road ló kù fún un, bóyá títí tó fi máa gba owó ìfẹ̀yìntì tí wọn kò tilẹ̀ ní san.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdánwò. Ó lè sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún ọ̀sẹ̀ méjì, láìjẹ́ pé yunifásítì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè ni àǹfààní àtisún un máa dópin, kò sì fẹ́ sún un rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i nídìí kọ̀ǹpútà yẹn, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Oorun ló ń wù ú.

Mẹ́ta ni wọ́n tó ń kàwé pọ̀. Lùkúmọ̀n ló ni pálọ̀ tí wọ́n ń lò, ọmọ ìdílé tó ti ni ilẹ̀ ní Olodi látijọ́, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, tó ní òun fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òwò, tí kò sì tíì dá ọjọ́ ìdánwò kankan láti ìgbà tó ti ń sọ ọ́. Ẹni kẹta ni Oghenefejiro, Fejiro ni wọ́n ń pè é, ọmọ Marine Beach, tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja létí omi. Ó kéré sí Ìbíjọkẹ́ dáadáa, àǹtí ló sì ń pè é. Yunifásítì tí òun ń wá, 153 ló béèrè. Ẹnu ọmọ náà kì í sinmi, inú rẹ̀ sì mọ́.

Òfin pálọ̀ náà kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ jókòó ṣe ìdánwò ìgbáradì tó bá wà nílẹ̀. Bó bá parí, á tú u palẹ̀ fún àwọn yòókù lẹ́nu búrẹ́dì àti ẹ̀wà: ìbéèrè tó lọ́jú pọ̀, ọ̀rọ̀ tó tan òun jẹ, ohun tí àyọkà ń sọ. Ìtúpalẹ̀ ni wọ́n ń pe èyí. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, Lùkúmọ̀n sì máa ń sọ pé ẹni tó bá fi ìmọ̀ pamọ́ nílé òun, kó lọ kàwé sí títì. Fejiro, tí kò níṣẹ́ ọ̀sán, ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ìbíjọkẹ́ ló máa ń dé gbẹ̀yìn, torí èbúté kì í tètè dá èèyàn sílẹ̀. Á bá Fejiro lẹ́nu ìtúpalẹ̀, á bọ́ bàtà, á jẹun tirẹ̀, á sì jókòó.

Oríṣi mẹ́ta ni ìdánwò ìgbáradì tó wà lọ́wọ́ wọn. Èyí tí àwọn tó ni ìdánwò gan-an ṣe, Lánlọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Àwọn iléeṣẹ́ méjì mìíràn ń ṣe tiwọn ní àfarawé, wọ́n ń tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ni Ayálégbé Òkè àti Ayálégbé Ìsàlẹ̀. Ayálégbé Òkè fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńláńlá. Bó bá fẹ́ sọ pé ọkùnrin kan láhun, á wá ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkùnrin náà kò gbọ́ rí. Ayálégbé Ìsàlẹ̀ kì í lo ọ̀rọ̀ líle, àyọkà gígùn ló mọ̀ ọ́n kọ, bó bá sì ti yí èèyàn lórí tán, á béèrè pé kí ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Lánlọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ kì í pariwo. Ìbéèrè rẹ̀ máa ń rọrùn lójú, àfìgbà tí máàkì bá jáde.

Ohun tó ń jẹ wọ́n lógún jù ni bí máàkì pálọ̀ ṣe máa rí ní gbọ̀ngàn. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo ìdánwò ìgbáradì tí Ìbíjọkẹ́ ṣe ní pálọ̀ yìí kan náà, 155 ló ń fún un, ó dé gbọ̀ngàn, ó gba 147. Wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n sì fẹnu kò pé bí gbọ̀ngàn ṣe ń ṣe nìyẹn, á yọ mẹ́jọ kúrò nínú ohun tí èèyàn bá gbé wá. Fejiro ló sọ ọ́ ní owó ọmọ onílẹ̀. Gbogbo Èkó ló mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, àwọn ọmọ ìdílé tó ni ilẹ̀ á wá gba tiwọn ní ìpìlẹ̀, wọ́n á tún gbà á nígbà òrùlé. Lùkúmọ̀n, tí ọ̀rọ̀ náà kan ìdílé rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń ka máàkì nínú ilé yẹn láìyọ mẹ́jọ ọmọ onílẹ̀ kúrò.

Ìṣirò yìí ló lé Fejiro kúrò nídìí ìdánwò. Máàkì rẹ̀ kì í kúrò lójú kan: 155, 156, 154, 156. Ẹ yọ mẹ́jọ, ẹ wo ohun tó kù. Bẹ́ẹ̀ Ìbíjọkẹ́ ti gòkè lọ sí 164 lọ́dọ̀ Ayálégbé Òkè, ó gba 163 lọ́dọ̀ Ìsàlẹ̀, Lánlọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ náà fún un ní 163. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń dúró de kẹ̀kẹ́, ọmọ náà bi í léèrè tọkàntọkàn pé kí ni kí òun ṣe. Ó sì dá a lóhùn tọkàntọkàn pé, "Fejiro, má pa ara ẹ. Fi í sílẹ̀ lọ́dún yìí." Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ bá ọkùnrin kan ní Wharf Road tó ń wá àwọn tó máa ṣiṣẹ́ inú ọkọ̀ òkun. Wọ́n gbà á. Ó fagi lé ọjọ́ ìdánwò rẹ̀, kò sì wá sí pálọ̀ mọ́ torí pé dókítà ni wọ́n ń ní kó lọ rí lónìí, fọ́tò ni wọ́n ń ní kó lọ yà lọ́la.

Àárín ìgbà yẹn ni Ìbíjọkẹ́ ṣe Lánlọ́ọ̀dù kejì ní ọ́fíìsì, lọ́jọ́ Sátidé kan tí kò sí èèyàn níbẹ̀. 149 ló rí. Ó tún un wò bóyá ojú òun ni. Ojú rẹ̀ kọ́.

Ó gbé e wá fún Lùkúmọ̀n ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Ọkùnrin náà na ẹsẹ̀ sórí àga, ó ní, "Níbo lo ti ṣe é?"

"Ní ọ́fíìsì, bọ̀dá."

"Wharf Road? Ibi tí tírélà ti ń fọn hóònù? Ìyẹn kì í ṣe ìdánwò, ìyà ni."

"Ẹ̀rù ń bà mí ṣá. Lánlọ́ọ̀dù ló mọ ohun tó wà nínú ilé rẹ̀."

"Lánlọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ fún ẹ ní 163, àbí kò fún ẹ? Ayálégbé méjèèjì sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹnìkan yapa, ta ni kóòtù máa gbọ́ tiẹ̀? Yọ mẹ́jọ kúrò nínú 163."

"155."

"Ṣé kò tó?"

"Ó tó," ni Ìbíjọkẹ́ wí.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kò jẹ́ kó rí oorun sùn. Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, bó ṣe ń bẹ oníbàárà lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ló ń fi àwọn ìdánwò náà wé ara wọn lọ́kàn. Ó ní ọ̀rọ̀ inú Lánlọ́ọ̀dù kejì ti gbó jù. Ó tún ní àyọkà rẹ̀ kúrú jù, pé kò jọ ti èkíní. Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo ọ̀rọ̀: kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ èyí tó ń sọ òótọ́ nínú wọn. Ó ń wá èyí tó máa gbà á láyè kó sinmi. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún mọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń bí i nínú pé ó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó di Túsìdeè, àwọn awakọ̀ tírélà daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti géètì èbúté, gbogbo Wharf Road dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀, ọ̀gá sì ní kí kálukú máa lọ sílé. Ọ̀sán ṣì wà gan-an nígbà tó dé ilé Lùkúmọ̀n. Ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn fún un, ó bu omi fún un, ó sì jáde lọ sí ìpàdé ẹbí, ó ní bí òun bá ti ibẹ̀ kúrò, mọ́sálásí ni òun ń lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń wá síbẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni nínú pálọ̀.

Ayálégbé Òkè kan ṣoṣo ló kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ó ní kí òun ṣe é kí ọkàn òun balẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kò sí hóònù níbẹ̀, ebi kò sì pa á. Ó jókòó, ó fara balẹ̀, ó ka àyọkà kan nípa àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ láyé àtijọ́, kò sì mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé ń yìn wọ́n ni tàbí ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nígbà tó parí, kọ̀ǹpútà fún un ní 148.

Kò sunkún. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó ń wo fáànù òkè tó ń yí láìfẹ́ atẹ́gùn kankan. Ó ní bóyá ìdánwò yìí náà ti bàjẹ́.

Ibẹ̀ ni Fejiro bá a. Ó gbé ẹja yíyan wá nínú nylon, ó ní ìyá òun ní kí òun fi dágbére fún wọn.

"Àǹtí Jọkẹ́, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé lónìí? Na wa o. Ṣé kò sí wàhálà?"

"Àwọn onítírélà daṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà wo lò ń lọ?"

"Mọ́ńdè. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ti dé èbúté Tin Can." Ó fa àga, ó fa búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì yọ. "Kí ló ṣe ojú yín báyìí?"

"Ayálégbé Òkè ni. Ó fi mí ṣeré."

Bó ṣe jẹ́ àṣà wọn, ó tú u palẹ̀ fún un. Inú ló ń bí i, torí náà kò fi ohunkóhun sílẹ̀: ọ̀rọ̀ tó rò pé ìyìn ni tó padà jẹ́ ẹ̀gàn, àwọn ayàwòrán ilẹ̀ tí òǹkọ̀wé ń fi ṣẹ̀sín láti ìlà kejì, àlàfo mẹ́ta tó ní láti ti ìparí kà wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Fejiro ń jẹ búrẹ́dì, ó ń mi orí, ó ń sọ pé, "E get as e be."

Nígbà tó jẹun tán, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Àǹtí, abeg, ẹ jẹ́ kí n dágbére fún Ayálégbé Òkè náà. Mi ò tún ní rí i mọ́."

Ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìbíjọkẹ́ di ojú, oorun díẹ̀ sì gbé e. Ẹ̀rín ọmọ náà ló jí i.

"Ẹ wá wo nǹkan. Ìgbà tí mo ń lọ fọ dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ òkun ni ọpọlọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. 165."

Ó dìde, ó lọ wò ó. 165 ni lóòótọ́. Fejiro tí kò kọjá 156 rí. Ó ka nọ́ńbà náà, ó sì ti mọ̀ kó tó béèrè.

"Fejiro, gbogbo èyí tó o ti ṣe níbí, ta ló máa ń sọ ohun tó wà nínú wọn fún ẹ kó o tó jókòó?"

"Ta ló fẹ́ sọ fún mi? Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé."

"Èmi ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ náà díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ lo máa ń sọ fún mi," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Mo ń jẹun, mo ń gbọ́. Mi ò mọ̀ pé mò ń gbọ́. Bó ṣe ń lọ nìyẹn láti ọdún tó kọjá. Lánlọ́ọ̀dù kejì, mo dá a ṣe ní ọ́fíìsì, ìwọ ò sí níbẹ̀, 149. Tòní, mo kọ́kọ́ dé, 148. Gbọ̀ngàn lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó tú u palẹ̀ fún mi, 147."

"Owó ọmọ onílẹ̀ yẹn ńkọ́..."

"Kò sí owó ọmọ onílẹ̀ kankan. Gbọ̀ngàn ò yọ nǹkan kan lára mi. Ohun tí mo mọ̀ ló fún mi."

Ó rọrùn láti sọ, ó sì dùn ún dé eegun. Níta, obìnrin kan ń kiri omi tútù, ó ń pe àwọn ọmọ iléewé tó ń kọjá. Ìbíjọkẹ́ ronú sí ti ara rẹ̀ ná, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe: ọ̀sẹ̀ méjì, láti 148 dé 155, òun nìkan, láìsí búrẹ́dì, láìsí ẹnikẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Fejiro ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Bí gbọ̀ngàn kì í bá yọ nǹkan kan, 156 ọmọ náà, 156 ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ti tó 153 tí yunifásítì rẹ̀ béèrè, ó tilẹ̀ lé.

Ó wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé ọmọ náà pẹ̀lú ti ṣe ìṣirò yẹn tán.

"Jẹ́ ká lọ bá ọkùnrin Wharf Road yẹn láàárọ̀ ọ̀la," ni ó wí kíá. "Mo mọ̀ ọ́n, á gbọ́ tèmi. Ká gba páspọ́ọ̀tù ẹ padà, kó o tún ọjọ́ mú. Àyè ṣì wà lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sún tèmi sí."

"Páspọ́ọ̀tù ti wà ní ẹ́ńbásì, àǹtí. Wọ́n fi ṣọwọ́ sí Àbújá lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí físà. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ wọkọ̀ ni wọ́n máa fi lé mi lọ́wọ́."

Kò sí ẹni tó ń wọ gbọ̀ngàn yẹn láìsí páspọ́ọ̀tù. Àwọn méjèèjì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Oṣù mélòó ni wọ́n ní ẹ máa lò?"

"Mẹ́sàn-án. Bóyá kó lé."

"Èmi ni mo ní kó o fi í sílẹ̀, Fejiro."

Ọmọ náà mi orí. Ó ń fi ìka kó èérún búrẹ́dì jọ sójú kan lórí tábìlì. "Kì í ṣe ẹ̀yin, àǹtí. Máàkì yín ni. Mo ní ẹni tó ń gba 164 ṣì ń bẹ̀rù gbọ̀ngàn, èmi wo ni mo fẹ́ wá níbẹ̀." Kò gbóhùn sókè. Ìbá sàn fún Ìbíjọkẹ́ ká ní ó gbé e sókè.

Ó dìde, ó sún nylon ẹja kúrò nínú oòrùn tó ń wọlé láti ojú fèrèsé, ó ní kó bá òun kí bọ̀dá, pé ìyá òun ń dúró de òun kí òun wá bá a kó ẹja. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Àǹtí, àlàfo kẹta yẹn, ìdí tó fi jẹ́ pé..." Ó mi orí. "Ẹ má bínú. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ wò ó." Ó sì lọ.

Ìbíjọkẹ́ mú fóònù rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀, àkókò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó wá ojú ibi tí wọ́n ti ń sún ọjọ́, ó mú ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Wọ́n bi í bóyá ó dá a lójú. Kò dá a lójú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé orí lé tábìlì.

Ibẹ̀ ni Lùkúmọ̀n bá a nígbà tó ti mọ́sálásí dé, fìlà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù fún omi àlùwàlá. Ó rí kọ̀ǹpútà tó ṣí sílẹ̀, kò rí nọ́ńbà ojú rẹ̀ dáadáa torí pé kò lo awò ojú rẹ̀.

"O ti ṣe é nìyẹn? Báwo ló ṣe rí?" ni ó béèrè. "Ṣé ó tó?"

"Ti Fejiro tó," ni Ìbíjọkẹ́ dáhùn.